Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Èéfín Tó Ń Sọdá Omi Láti Sumatra

Nínú ìtẹ̀jáde wa tó kọjá, a tẹ àwòrán kan tí sátẹ́láìtì yà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, nínú èyí tí èéfín bo erékùṣù Sumatra, tó jẹ́ ti Indonéṣíà, àti Borneo bí aṣọ àlà. Lẹ́tà tó wọlé lórí àwòrán yẹn kò kéré rárá. A ti kó àwọn tó béèrè ohun kan náà pọ̀, a sì ti gé àwọn mìíràn kúrú kí àyè lè gbà wọ́n.

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Abẹ́òkúta: Ọmọ mi obìnrin ti rí àyè ní yunifásítì kan ní Kuala Lumpur ní Màléṣíà, oṣù kẹjọ ni yóò sì gbéra. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà lórílẹ̀-èdè náà ní 2019 sọ fún wa pé ojú ọ̀run funfun fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, pé wọ́n ti ilé-ìwé pa, bẹ́ẹ̀ kò sí igbó kankan tó ń jó nítòsí ibi tó ń gbé. Ikọ́ fée ti ń bá ọmọ mi yìí fínra láti kékeré. Ṣé ọyẹ́ tiwọn náà nìyẹn ni, àbí nǹkan mìíràn?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú àníyàn ọmọ. Kì í ṣe ọyẹ́. Eruku ni ọyẹ́ tiwa, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń ti ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad wá, tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti ìhà àríwá ìlà-oòrùn á gbé e kọjá lórí Nàìjíríà títí dé òkun. Ohun tí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín rí ní Màléṣíà, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní jerebu, èéfín igbó àti ti ilẹ̀ tó ń jó ni, àmọ́ orílẹ̀-èdè mìíràn ni iná náà wà. Láti oṣù kẹfà títí wọ oṣù kẹsàn-án, nígbà mìíràn títí wọ ìkẹwàá, ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ní agbègbè yẹn, àkókò kan náà sì ni ẹ̀rùn wà ní gúúsù Sumatra àti ní Kalimantan, ìyẹn apá tó jẹ́ ti Indonéṣíà lára erékùṣù Borneo. Èéfín tó bá rú ní Riau tàbí ní Jambi, ìpínlẹ̀ méjì ní Sumatra, á sọdá ọ̀nà omi Malacca, á sì balẹ̀ sí Síngápọ̀ àti Màléṣíà, nígbà tí èyí tó bá rú ní Kalimantan á gba orí ilẹ̀ lọ sí Sarawak, apá Màléṣíà tó wà lórí Borneo. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè máa wúkọ́ ní Kuala Lumpur láìrí ẹ̀ta iná kan ṣoṣo.

Kì í ṣe ọdọọdún ni ó ń le bẹ́ẹ̀. Ọdún tí El Niño bá gbilẹ̀, tí omi òkun Pàsífíìkì móoru ní àárín àti ní ìlà-oòrùn rẹ̀, ni òjò máa ń fi Indonéṣíà sílẹ̀ jù, bí ó ti rí ní 1997 àti ní 2015. Ní 2019, Òkun Íńdíà ló dá wàhálà sílẹ̀: omi tó wà lẹ́bàá Sumatra tutù ju bó ṣe yẹ lọ, èyí tó wà lẹ́bàá ìlà-oòrùn Áfíríkà sì móoru. Ẹ̀rùn fẹjú ní ọ̀hún, òjò sì ya lu àwọn ará Kẹ́ńyà àti Sòmálíà títí tí omíyalé fi gba ilé lọ́wọ́ wọn ní ìparí ọdún náà. Nítorí náà, ẹ má ṣe dá ìrìnàjò ọmọ yín dúró nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2019. Ẹ kàn mọ̀ pé àárín ìgbà rẹ̀ gan-an ni yóò balẹ̀.

Ohun tó léwu fún ẹni tó ní ikọ́ fée nínú èéfín yìí ni àwọn èérún tí a kò lè fi ojú rí, tí wọ́n kéré débi pé a gbọ́dọ̀ to bí ọgbọ̀n wọn kí wọ́n tó fẹ̀ tó irun orí kan. Imú kì í gbà wọ́n dúró, ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ń lọ. Kí ọmọ rí dókítà rẹ̀ kó tó lọ, kí ó gbé ìńhélà tí yóò tó o fún oṣù mélòó kan dání, kí ó sì ra ìbòmú N95 tó fún mọ́ ojú dáadáa, nítorí ìbòmú aṣọ kò lè dá irú èérún bẹ́ẹ̀ dúró. Ìjọba Màléṣíà ń gbé òṣùwọ̀n bí afẹ́fẹ́ ṣe rí jáde ní wákàtí wákàtí fún ìlú kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá wà láàárín 0 sí 50, afẹ́fẹ́ dára. 51 sí 100, ó ṣì ṣe é fara dà. Láti 101 lọ, kí ọmọ yín máa ṣọ́ra. Bí ó bá wọ 201, kí ó jókòó sílé kó sì ti fèrèsé. Bí ó bá ju 300 lọ, ewu ni fún gbogbo ènìyàn, àtẹni tí ara rẹ̀ le. Ní oṣù kẹfà 2013, ó kọjá 700 ní ìlú Muar, ìjọba sì kéde ipò pàjáwìrì níbẹ̀. Òṣùwọ̀n yìí ni kí ó máa wò ní àràárọ̀, kì í ṣe àwòrán ilẹ̀ tó ní àmì iná pupa pupa. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ nínú ìdáhùn tó kàn.

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́kùnrin kan ní Ìlọrin: Lẹ́yìn tí mo ka ìwé ìròyìn yín, mo lọ wo àwòrán ilẹ̀ tí NASA fi ń ṣe àmì ibi tí iná wà. Ẹnu yà mí. Ní oṣù kìn-ín-ní, àmì pupa tó wà láàárín Nàìjíríà, Benin, Gánà àti gúúsù Chad pọ̀ ju èyí tí mo rí ní gbogbo Indonéṣíà ní oṣù kẹsàn-án lọ fíìfíì. Kí ló dé tí gbogbo ayé ń pariwo lórí tiwọn, tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ lórí tiwa?

Ìdáhùn: Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi nínú, nítorí pé ẹ̀yin ti fi ojú ara yín rí ohun tí ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn kì í wò. Òótọ́ ni. Nínú gbogbo ilẹ̀ tí iná ń jó lọ́dún lágbàáyé, nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá ló wà ní Áfíríkà. Àmọ́ àmì pupa kan kì í ṣe iná kan, èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó bá ń wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀.

Ooru ni sátẹ́láìtì ń wá, kò mọ iná yàtọ̀. Ó ń pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin mẹ́rin bí aṣọ òfì. Ní ti àwọn sátẹ́láìtì àtijọ́ bíi Terra àti Aqua, igun kan fẹ̀ tó kìlómítà kan, ní ti àwọn tuntun bíi Suomi NPP, ó fẹ̀ tó mítà 375. Bí igun kan bá gbóná ju àwọn tó yí i ká lọ lọ́nà tó ṣàjèjì, a fi àmì sí i. Nínú igun kan bẹ́ẹ̀, oko mẹ́ta lè máa jó kí ó sì jẹ́ àmì kan ṣoṣo. Iná ńlá kan sì lè kọjá lórí igun mẹ́wàá, kí ó di àmì mẹ́wàá. Gáàsì tí wọ́n ń sun ní Niger Delta náà máa ń hàn lójú sátẹ́láìtì, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe igbó. Àwọn sátẹ́láìtì wọ̀nyí kì í sì dúró lójú kan: Suomi NPP ń kọjá ní nǹkan bí aago kan ààbọ̀ ọ̀sán àti aago kan ààbọ̀ òru, nítorí náà iná tí àgbẹ̀ dá ní ìrọ̀lẹ́ tó sì kú kí ilẹ̀ tó ṣú dáadáa lè má wọ ìwé. Bí ìkùukùu bá sì bo ilẹ̀, ojú sátẹ́láìtì fọ́ nìyẹn. Mo ti rí i tí àwọn ènìyàn ń yọ̀ pé àmì iná ti dín kù ní Sumatra, tó sì jẹ́ pé ìkùukùu tàbí èéfín tó ki jù ló dí ojú rẹ̀.

Ẹ wá wo irú iná tí ó jẹ́. Ní àríwá Kwara àti ní gbogbo ilẹ̀ ọ̀dàn wa, koríko gbígbẹ ni iná ń jó. Ó ń sáré, ọwọ́ iná rẹ̀ ga, ooru rẹ̀ pọ̀, sátẹ́láìtì á rí i kedere, bí ó bá sì di ìrọ̀lẹ́, ó ti kú. Nígbà tí òjò bá padà, koríko á hù, á sì gba ọ̀pọ̀ ohun tó bá èéfín lọ padà. Ní Indonéṣíà, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń jó, láìsáré, láìní ọwọ́ iná tó ga, ó sì lè fi oṣù kan tàbí méjì rú èéfín lójú kan. Àmì rẹ̀ lórí àwòrán lè jẹ́ ọgọ́rùn-ún péré, nígbà tí tiwa jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kí èéfín tirẹ̀ sì ju tiwa lọ.

Ẹ má ṣe rò pé mo ń dá wa láre o. Ikọ́ tí a ń wú ní oṣù kìn-ín-ní kì í ṣe ti eruku ọyẹ́ nìkan, èéfín igbó wà nínú rẹ̀. Ohun tí àwọn tí kò tíì gbọ́ ọ rí yóò sì yà lẹ́nu ni pé láti oṣù kẹfà sí ìkẹjọ, nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa tí ẹnikẹ́ni kò sun igbó, èéfín láti Àǹgólà àti Kóńgò ń gba orí òkun wá bá wa ní etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwa náà ní ẹni tí ń sun igbó fún wa.

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ kan ní Ìsẹ́yìn: Ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń sun oko. Mo máa ń la ọ̀nà iná yíká, mo máa ń dúró tì í, iná náà á sì kú kí n tó padà sílé. Ẹ sọ pé ilẹ̀ ń jó fún oṣù méjì. Báwo ni ilẹ̀ ṣe ń jó?

Ìdáhùn: Baba, agbègbè Òkè-Ògùn ni ẹ ti kọ̀wé sí wa, nítorí náà ẹ mọ òkìtì àwọn eléèédú. Wọ́n á to igi jọ, wọ́n á fi ewé àti yẹ̀pẹ̀ bò ó, wọ́n á tanná sí i ní ojú ihò kékeré. Ẹni tó bá kọjá kò ní rí ọwọ́ iná, èéfín nìkan ni yóò rí, ó sì lè jẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹ wá fi ojú inú wo òkìtì kan tó fẹ̀ tó ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá, tó jìn tó ilé alájà méjì sísàlẹ̀, tó jẹ́ pé ilẹ̀ tí ènìyàn ń tẹ̀ ni.

Àwọn ará Indonéṣíà ń pe ilẹ̀ náà ní gambut. Ilẹ̀ àbàtà ni: igi wó sínú omi, ewé já sínú omi, gbòǹgbò kú sínú omi, omi náà kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kan wọ́n, nítorí náà wọn kò jẹrà tán. Bí mìlímítà kan tàbí méjì ló ń ga lọ́dún. Níbi tó ti jìn tó mítà mẹ́wàá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá kún inú rẹ̀, iná kò lè mú un, gẹ́gẹ́ bí iná kò ṣe lè mú kànrìnkàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú korobá jáde. Ẹni tó bá fẹ́ dáko sí i ni yóò kọ́kọ́ gbẹ́ kòtò kí omi lè ṣàn lọ, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1995, Suharto, ààrẹ Indonéṣíà nígbà náà, pàṣẹ pé kí wọ́n sọ mílíọ̀nù kan hẹ́kítà ilẹ̀ àbàtà ní àárín gbùngbùn Kalimantan di oko ìrẹsì. Wọ́n gbẹ́ ojú omi tó gùn ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin kìlómítà lọ. Ìrẹsì kò ṣe dáadáa níbẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ àbàtà bẹ́ẹ̀ kan, kò sì ní ọ̀rá. Àmọ́ omi ti lọ. Nígbà tí El Niño dé ní 1997, gbogbo ibẹ̀ gbiná, àwọn onímọ̀ sì ṣírò pé carbon tí ilẹ̀ àbàtà Indonéṣíà tú sí afẹ́fẹ́ ní ọdún yẹn nìkan wà láàárín bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 0.81 àti 2.57. Ìjọba pa iṣẹ́ náà tì ní 1999, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pa iṣẹ́ tì kò pa kòtò rẹ̀ dé. Ní 2015, nígbà tí mílíọ̀nù 2.6 hẹ́kítà jó ní gbogbo Indonéṣíà, agbègbè kan náà, yíká ìlú Palangkaraya, wà lára ibi tí èéfín ti le jù lọ.

Nítorí náà, ọ̀nà iná tí ẹ ń là, tó wúlò gan-an nínú oko tiyín, kò lè ran ẹni tó wà lórí gambut lọ́wọ́, nítorí pé iná náà ń gba abẹ́ ọ̀nà náà kọjá.

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ fẹ̀yìntì kan ní Adó-Èkìtì: Ta ni ó ń sun ilẹ̀ yìí, kí sì ni òfin ń ṣe? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dá àwọn àgbẹ̀ kékeré lẹ́bi bí ẹ ti máa ń ṣe.

Ìdáhùn: Ọ̀gá wa, a gba ìbáwí. Iná ni ọ̀nà tó rọ̀ lówó jù lọ láti palẹ̀ mọ́, àti àgbẹ̀ kékeré àti ilé-iṣẹ́ ńlá ló sì ń lò ó. Òfin Indonéṣíà ti 2009 fi àyè sílẹ̀ fún àgbẹ̀ ìbílẹ̀ láti sun ilẹ̀ tí kò ju hẹ́kítà méjì lọ. Ilé-iṣẹ́ kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ohun tí èmi rí ni pé àgbẹ̀ oníhẹ́kítà méjì kọ́ ló gbẹ́ ojú omi tó gùn ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin kìlómítà lọ. Ẹni tó fa omi ilẹ̀ gbẹ ló sọ ilẹ̀ di èédú, ẹnikẹ́ni tó bá ṣáná sí i lẹ́yìn náà.

Oko tí wọ́n ń dá lórí púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà ni ti igi tí wọ́n fi ń ṣe pépà, àti ti ọ̀pẹ. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ sórí ọ̀pẹ. Ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níhìn-ín ni igi náà ti ṣẹ̀. Ní 1848, àwọn ará Dutch tó ń ṣàkóso Indonéṣíà nígbà náà gbin irúgbìn rẹ̀ mẹ́rin péré sí ọgbà ìjọba ní ìlú Bogor lórí erékùṣù Java, láti ara mẹ́rin yẹn sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀pẹ tó kún Sumatra lónìí ti jáde. Ọ̀pẹ tí àwọn baba wa ń gùn láàárín oko iṣu, láìfa omi ilẹ̀ kankan gbẹ, ni ó di oko aláìlópin lọ́hùn-ún.

Ní ti òfin, àwọn orílẹ̀-èdè ASEAN, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà, fọwọ́ sí àdéhùn kan lórí èéfín tó ń sọdá ààlà ní Kuala Lumpur ní oṣù kẹfà 2002. Indonéṣíà, tí èéfín ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde jù, ni ó sọ ọ́ di òfin nílé rẹ̀ gbẹ̀yìn, ní 2014, lẹ́yìn ọdún méjìlá. Ní ọdún kan náà ni Síngápọ̀ ṣe òfin tirẹ̀, tó lè bu owó ìtanràn 100,000 dọ́là Síngápọ̀ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lé ilé-iṣẹ́ tó bá fa èéfín wọ ìlú, ìbáà jẹ́ orílẹ̀-èdè mìíràn ni iná náà ti jó, gbogbo rẹ̀ kò sì ní ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ohun tó ń mú un ṣòro ni pé díẹ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ní oko ní Sumatra jẹ́ ti àwọn oníṣòwò Màléṣíà àti Síngápọ̀ fúnra wọn, àti pé ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀sùn kàn wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ni ilẹ̀ tí àmì pupa wà lórí rẹ̀, èyí tí ìwé ilẹ̀ kì í sábà sọ kedere. Ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ tí ASEAN dá sílẹ̀ ní Síngápọ̀ ní 1993 ń ṣọ́ òjò, afẹ́fẹ́ àti àmì iná lójoojúmọ́, ó sì ń kéde ìpele ìkìlọ̀ láti 0 dé 3, ṣùgbọ́n kò ní agbára láti mú ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Kétu, Benin: Mo rí fọ́tò kan tí wọ́n ní ìlú Jambi ni, tí ojú ọ̀run pupa bí epo pupa ní ọ̀sán gangan. Ṣé òótọ́ ni àbí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kùn ún?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Oṣù kẹsàn-án 2019 ni. Èérún èéfín ìgbà náà pọ̀ ní ìwọ̀n tó jẹ́ kí ó tú ìmọ́lẹ̀ pupa ká, tó sì dínà mọ́ àwọn àwọ̀ yòókù, ìjọba Indonéṣíà sì ṣàlàyé rẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará ìlú tó ti ń sọ pé ayé ti dópin.

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé kan ní Lọ́ńdọ̀nù: Ṣé kò sí bí wọ́n ṣe lè rọ òjò sí i ni?

Ìdáhùn: Wọ́n ń gbìyànjú rẹ̀. Ìjọba Indonéṣíà máa ń fi bàálù gbé iyọ̀ lọ sókè, wọ́n á sì dà á sínú ìkùukùu kí omi inú rẹ̀ lè ṣù jọ kó sì rọ̀. Ó nílò ìkùukùu tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, nígbà tí ẹ̀rùn bá sì mú gan-an, ìkùukùu ni ó máa ń ṣọ̀wọ́n jù. Ní 2015, òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní ìparí oṣù kẹwàá fúnra rẹ̀ ló pa iná náà.

Iṣẹ́ tí mo rò pé ó lérè jù ni ti dídí àwọn kòtò náà. Lẹ́yìn iná 2015, ní oṣù kìn-ín-ní 2016, Ààrẹ Joko Widodo dá àjọ kan sílẹ̀ láti dá omi padà sí ilẹ̀ àbàtà tó lé ní mílíọ̀nù méjì hẹ́kítà. Wọ́n ń fi igi àti àpò iyanrìn dí ojú omi, wọ́n sì ń ri ọ̀pá ìwọ̀n mọ́lẹ̀ láti wo bí omi ṣe jìn sí. Òfin sọ pé kò gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ láti ojú ilẹ̀; bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ka ilẹ̀ àbàtà náà sí èyí tó ti bàjẹ́.